Màmá mi ń fo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, báwo lẹ ṣe ń fi fóònù ran àwọn àgbà lọ́wọ́?

Àbíkẹ́yìn_Màmá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mò ń wá. Màmá mi ti lé lẹ́ni 70 ọdún, dókítà kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oríṣi méjì fún wọn, ọ̀kan àárọ̀ nìkan, èkejì àárọ̀ àti alẹ́. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, wọ́n á lò ó bó ṣe yẹ, tó bá ti pẹ́ díẹ̀ báyìí ẹ máa rí i pé oògùn tó yẹ kó ti tán ṣì kù rẹpẹtẹ nínú káàdì ẹ̀. Tí n bá bi wọ́n, "mo ti lò ó jàre" ni wọ́n máa ń sọ, èmi ò sì gbé lọ́dọ̀ wọn, kí ni mo fẹ́ wí? Wọ́n ní fóònù ìgbàlódé o, WhatsApp ni wọ́n ń fi ṣe, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ fóìsì nóòtì, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìpè, ó parí. Mo gbọ́ pé áàpù wà tó máa ń rán èèyàn létí àsìkò oògùn. Ṣé kí n gbé e sí i fún wọn ni àbí kí n kàn sẹ́ẹ̀tì álàámù? Èyí tẹ́ ẹ ti rí tó ṣiṣẹ́ fún àgbàlagbà ni kẹ́ ẹ sọ o, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ kà nínú ìpolówó.

Atúnfóònùṣe:
Álàámù. Ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín. Áàpù á ní kí wọ́n fi ímeèlì forúkọ sílẹ̀, á ní kí wọ́n ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà, ọjọ́ tó bá ṣe ọ́pọ́déètì gbogbo ojú ẹ̀ á yí padà, Màmá ò ní dá a mọ̀ mọ́. Èyí tó wà lórí fóònù látilẹ̀ ti tó. Àmọ́ ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà ṣe é o, torí ọ̀pọ̀ álàámù tí mò ń rí lórí fóònù àwọn àgbà tí wọ́n ń gbé wá bá mi, lásán ló wà níbẹ̀.

Ẹ sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kó máa dún lójoojúmọ́, torí bí ẹ ò bá yan ọjọ́ kankan, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa dún, ó tán nìyẹn. Ẹ kọ orúkọ sí i, "Oògùn àárọ̀, hóró méjì", kó hàn gàdàgbà lójú fóònù. Ẹ wá ohùn tí ò jọ ti ìpè, kí wọ́n má bàa rò pé ẹnì kan ló ń pè wọ́n. Lẹ́yìn náà fólúùmù: lórí Android ti álàámù lọ́tọ̀, ti ìpè lọ́tọ̀, ti orin lọ́tọ̀, ẹ lè gbé ti ìpè dókè téńté kí ti álàámù ṣì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá takú pé áàpù lẹ fẹ́, ẹ wọ inú sẹ́tìnnì bátìrì kẹ́ ẹ gba áàpù yẹn láàyè kó máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, torí ọ̀pọ̀ fóònù ló máa ń pa áàpù tí wọn ò ṣí fún ìgbà díẹ̀ kí bátìrì má bàa tètè lọ. Ìyẹn ló fà á táwọn èèyàn fi ń pariwo pé ìránnilétí ò dún, fóònù ló ti pa á.

Kò_Sí_Wàhálà:
iPhone ńkọ́?

Atúnfóònùṣe:
Láti iOS 16 (ètò tó ń darí iPhone) lọ sókè, ibi tí wọ́n ń kọ oògùn sí ti wà nínú áàpù Health tó bá fóònù wá, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wá òmíràn. Orúkọ oògùn àti wákàtí ẹ̀ lẹ máa kọ sí i, tó bá tó àsìkò á rán wọn létí, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ bóyá wọ́n lò ó tàbí wọ́n fò ó.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Ẹ̀yin ará, eré yín ti pọ̀ jù. Àbíkẹ́yìn, ṣé ẹ ti bi Màmá pé kí ló dé tí wọn ò fi lò ó? Mi ò ní kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lò ó o, mo ní KÍ LÓ DÉ. Torí ìgbàgbé nìkan ni álàámù lè bá yín yanjú, bẹ́ẹ̀ ìgbàgbé kọ́ ló máa ń fa gbogbo ẹ̀.

Ẹlòmíì ń fo oògùn torí pé ara ẹ̀ le. Orí ò fọ́ ọ, òòyì ò kọ́ ọ, kí ló tún fẹ́ máa lo oògùn sí? Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í sábà fara hàn, èèyàn lè máa rìn kiri pẹ̀lú 170/100 kó má mọ nǹkan kan lára títí rọpárọsẹ̀ á fi dé. Ẹlòmíì, oògùn gan-an ló ń yọ ọ́ lẹ́nu: amlodipine lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú, lisinopril àtàwọn tó jọ ọ́ lè mú ikọ́ gbẹ kan dání tí kì í fẹ́ lọ. Ẹlòmíì ń ṣún un lò kó má bàa tètè tán. Oògùn tó ń mú kéèyàn tọ̀, irú hydrochlorothiazide, tún wá ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Mo mọ ìyá kan tó jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá ní ìrìn ni wọ́n ń fò ó. Álàámù ń dún, wọ́n ń gbọ́, wọ́n á wo fóònù, wọ́n á wo báàgì tí wọ́n ti gbé kọ́ apá, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n á jáde. Ta ló fẹ́ máa wá ilé ìtọ̀ kiri lójú ọ̀nà? Nígbà tí wọ́n wá sọ fún dókítà, dókítà ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde kí wọ́n lò ó tí wọ́n bá dé, kó ṣáà má ti di àjìn kó má bàa máa jí wọn lóru. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe parí nìyẹn. Álàámù kan náà ni o, wákàtí ẹ̀ ni wọ́n sún.

Kẹ́ ẹ má sì wo Màmá bí olóríkunkun. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ọ́ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2003 pé, láwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè àgbà pàápàá, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló ń lo oògùn bó ṣe yẹ. Ìdajì o!

Kò_Gbà_Gbọ́:
Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, gbogbo áàpù oògùn wọ̀nyí, ariwo lásán ni. Fóònù ò lè gbé oògùn mì fún èèyàn.

Bàbá_Kan_Rèé:
Ẹ jẹ́ kí èmi tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ irú mi dá sí i. Èmi náà ti lé ní 70, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìka kan ni mo fi ń tẹ èyí, ẹ fara dà á fún mi.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kì í bi wá. Ẹ máa wálé lọ́jọ́ kan, ẹ máa gba fóònù lọ́wọ́ wa, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wéré wéré, "Dádì, ó ti parí", ẹ bá tiyín lọ. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí tábìlì bí ẹni pé ilé ń jó. Mo pa á. Ṣé mo wá lo oògùn? Inú ti bí mi, oògùn wo?

Ìgbà tí ọmọ ọmọ mi jókòó tì mí, tó jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́, kí n fúnra mi yan wákàtí, kí n fúnra mi yan ohùn, ìgbà yẹn ló tó di tèmi. Àsìkò tí mo máa ń fọ ẹnu láàárọ̀ ni mo fi sí, torí kò sọ́jọ́ tí mi ò ní fọ ẹnu, ike oògùn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Ká ní wákàtí kan tó wu ọmọ mi ni wọ́n fi sí, mo lè wà nínú ọgbà, oògùn á wà nínú yàrá, kí n tó rìn dé ibẹ̀ mo ti bá nǹkan míì pàdé.

Ẹ tún tẹ́tí. Ìbéèrè "ṣé ẹ ti lo oògùn, ṣé ẹ ti lo oògùn" yẹn, tó bá ti pọ̀ jù, àgbà á ní òun ti lò ó kẹ́ ẹ lè fi òun lọ́rùn sílẹ̀ ni. Ẹ má sọ ara yín di ọlọ́pàá.

Àbíkẹ́yìn_Màmá:
Hmm, Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ó jọ pé èmi lẹ̀ ń bá wí tààràtà o 😅

Ẹ̀gbọ́n_Ọ̀nà_Jíjìn:
Bàbá sòótọ́ délẹ̀délẹ̀. Ohun tá a ń ṣe nílé tiwa rèé, torí kò sí ìkankan nínú àwa ọmọ tó ń bá Dádì gbé. A ra àpótí oògùn oníyàrá méje yẹn, tó ní orúkọ ọjọ́ lórí, ẹni tó bá lọ kí wọn lọ́sẹ̀ yẹn ló máa kó oògùn sí i. Láàárọ̀ tí Dádì bá ti lò ó, wọ́n á ya fọ́tò àpótí yẹn, wọ́n á jù ú sínú gúrúùpù WhatsApp ti ẹbí. Yàrá ọjọ́ yẹn ti ṣófo, gbogbo wa rí i, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn ọmọ kéékèèké á fi àtàǹpàkò sí i, àwọn kan á fi ọkàn sí i, Dádì sì fẹ́ràn àtàǹpàkò yẹn, ẹ má rò pé ó kéré o, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá fi nǹkan sí i wọ́n á pè láti béèrè bóyá ara wa le.

Tí fọ́tò ò bá wọlé títí ọwọ́ yálẹ̀ta, ẹni tó kàn lọ́jọ́ yẹn á pè wọ́n. Kì í ṣe oògùn la fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kú àárọ̀ sà, oorun ńkọ́, orúnkún ńkọ́, tó bá yá a ó dé orí oògùn. Ẹ pín ọjọ́ fún ara yín o, tó bá jẹ́ ti gbogbo yín, kò ní jẹ́ ti ẹnì kankan, oníkálukú á rò pé ẹnì kejì ti pè.

Atúnfóònùṣe:
Mo fẹ́ràn ti fọ́tò yẹn. Ẹ ṣáà wò ó kí wọ́n má tan mẹ́sééjì tó ń pòórá sí gúrúùpù yẹn o, kẹ́ ẹ lè padà wo èyí tó ti kọjá. Kẹ́ ẹ sì so gúrúùpù yẹn mọ́ òkè ("pin") kí Màmá má máa wá a nínú ogúnlọ́gọ̀ mẹ́sééjì. Nǹkan míì: álàámù tó wà nínú ọ̀pọ̀ Android máa ń gbà kẹ́ ẹ lo ohùn tẹ́ ẹ fúnra yín gbà sílẹ̀. Mo ṣe é fún ìyá kan, ohùn ọmọ ọmọ wọn la fi sí i, "Màmá àgbà, oògùn yín o, ẹ fi omi púpọ̀ lò ó". Obìnrin yẹn ò pa álàámù yẹn rí láìfèsì sí i, wọ́n á ní "mo ti ń bọ̀, ọkọ mi".

Apoògùn:
Kò_Gbà_Gbọ́, ọ̀rọ̀ yín ò jìnnà sóòótọ́, ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀. Wọ́n ti dán áàpù wò dáadáa. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 400 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga jọ, wọ́n gbé áàpù Medisafe fún àwọn kan, wọn ò gbé e fáwọn yòókù. Èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Àwọn tó lo áàpù ní àwọn túbọ̀ ń lo oògùn díẹ̀ sí i, àmọ́ nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, kò sí ìyàtọ̀: nọ́ńbà òkè (èyí tó ṣáájú, bíi 170 nínú 170/100) fi nǹkan bí 10 wálẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, mẹ́sééjì orí fóònù lásán ni wọ́n lò, wọ́n fi ń ránṣẹ́ fún ọdún kan nínú ìwádìí tó kó èèyàn tó lé ní 1,300 jọ, èsì tiwọn jáde lọ́dún 2016. Nọ́ńbà òkè àwọn tó ń gba mẹ́sééjì fi nǹkan bí 2 lọ sílẹ̀ ju ti àwọn tí wọn ò fi í ránṣẹ́ sí. Ó kéré, kì í ṣe òfo. Èyí tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n tún fún láyè láti fèsì ò ṣe dáadáa ju àwọn tó kàn ń gbà á lọ, ìyẹn ni pé kì í ṣe bí nǹkan bá ti ní bọ́tìnnì púpọ̀ ló máa ń dáa.

Ibi tí agbára wà nìyí: ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2017 kó èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ nípa àwọn tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn fúnra wọn nílé. Àwọn tó kàn ń wọ̀n ọ́n, tí kò sẹ́ni tó ń bá wọn wò ó, nọ́ńbà òkè fi nǹkan bí 1 péré wálẹ̀. Àwọn tí nọ́ọ̀sì tàbí apoògùn ń tẹ̀ lé gírígírí, ó fi nǹkan bí 6 wálẹ̀. Ẹ rí i pé ohun tí Ẹ̀gbọ́n_Ọ̀nà_Jíjìn ń ṣe yẹn bọ́gbọ́n mu, fóònù ń gbé ìròyìn lọ, èèyàn wà níbi tí ìròyìn ń lọ.

Kò_Gbà_Gbọ́:
Ó dáa, mo gbà. Díẹ̀ o 😄

Ọlọ́jọ́_Méjì:
Ẹ dákun Apoògùn, tí wọ́n bá gbàgbé ti àárọ̀, ṣé kí wọ́n lo méjì pọ̀ lálẹ́?

Apoògùn:
Rárá o, ẹ má lo méjì pọ̀ láé. Fún ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n bá rántí lọ́jọ́ yẹn kan náà kí wọ́n lò ó, tó bá ti sún mọ́ èyí tó kàn kí wọ́n fi èyí tí wọ́n fò sílẹ̀. Oògùn kálukú ní tiẹ̀, ẹ ka ìwé inú ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ bi apoògùn tó tà á fún yín. Amlodipine máa ń pẹ́ nínú ara, ẹni tó gbàgbé ọjọ́ kan ò ní tètè rí wàhálà ẹ̀. Clonidine ò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá já a sílẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè fò sókè gan-an. Àwọn irú atenolol àti propranolol náà, wọn kì í já wọn sílẹ̀ lójijì, pàápàá fẹ́ni tí ọkàn ẹ̀ ń ṣòjòjò. Àbíkẹ́yìn, ẹ wo orúkọ èyí tí Màmá ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ yẹn.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ padà wá gan-an nìyí o, ẹ fi sọ́kàn: KẸ́ Ẹ TÓ bẹ̀rẹ̀ sí í fi álàámù lé Màmá kiri, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé wọn ò lò ó déédéé tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó, Màmá lọ sọ́sibítù, ẹ̀jẹ̀ ga, dókítà bi wọ́n "ṣé ẹ̀ ń lo oògùn?", Màmá ní "mò ń lò ó", dókítà wá fi kún un. Wọ́n tún padà lọ, ó ṣì ga, dókítà tún fi kún un. Gbogbo oògùn yẹn ti wà nínú ìwé, kò sí nínú ara. Ọmọ wá dé pẹ̀lú álàámù, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í lo gbogbo ẹ̀ pérépéré lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ wìì, wọ́n dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú. Egungun ìbàdí àgbà tó bá kán kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé òòyì ń kọ́ wọn tí wọ́n bá dìde, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, ẹ pe dókítà.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Ẹ tún un kà, ẹ̀yin ará. Kí wọ́n máa dìde ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà o, kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì ná.

Ọmọ_Olùtọ́jú:
Ìbéèrè tèmi: Màmá àgbà mi máa lo oògùn, tó bá ṣe wákàtí kan wọ́n á ní àwọn ò tíì lò ó, wọ́n á tún fẹ́ lò ó. Álàámù tá a sẹ́ẹ̀tì tún wá ń dá kún un, torí tí wọn ò bá pa á dáadáa ó máa tún dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á rò pé oògùn míì ló kàn.

Atúnfóònùṣe:
Ẹ wọ inú sẹ́tìnnì álàámù yẹn kẹ́ ẹ pa sínúùsì ẹ̀, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kó tún dún, kó dún lẹ́ẹ̀kan kó tán.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Pé kí sínúùsì má dún dáa, àmọ́ ìdí ọ̀rọ̀ kọ́ nìyẹn. Ẹni tí ò bá rántí ohun tó ṣe ní wákàtí kan sẹ́yìn ti kọjá ẹni tẹ́ ẹ máa fi fóònù bójú tó. Àpótí oníyàrá yẹn máa ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀, torí tí yàrá bá ti ṣófo, ó ti ṣófo, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣí ti ọ̀la. Ẹ kó oògùn kúrò níwájú wọn, kí ẹnì kan máa gbé e fún wọn lọ́wọ́, kó dúró kí wọ́n gbé e mì. Álàámù náà á wá wà lórí fóònù ẹni tó ń gbé oògùn yẹn, kì í ṣe ti Màmá àgbà. Ẹ tún jẹ́ kí dókítà mọ̀ nípa ìgbàgbé yẹn, kì í ṣe ọjọ́ ogbó nìkan ló máa ń fà á.

Fẹ́mi_Kọ̀ǹpútà:
Ẹ tún lè wá áàpù tó ń wọn ẹ̀jẹ̀, ẹ kàn máa fi ìka lé kámẹ́rà fóònù ni, á gbé nọ́ńbà jáde. Kò sí pé ẹ̀ ń ra ẹ̀rọ kankan.

Apoògùn:
Ẹ̀GBỌ́N, Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ ṢE BẸ́Ẹ̀. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Instant Blood Pressure, àwọn èèyàn rà á gan-an nígbà kan. Àwọn oníwádìí dán an wò, èsì wọn jáde lọ́dún 2016: nínú gbogbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga lóòótọ́, nǹkan bí mẹ́rin nínú márùn-ún ni áàpù yẹn sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ wọn ò ga. Àjọ FTC, tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, pe àwọn tó ṣe é lẹ́jọ́ lọ́dún kan náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá lẹ máa rà, kí báńdì ẹ̀ gba apá Màmá dáadáa, torí báńdì tó bá há jù máa ń jẹ́ kí nọ́ńbà ga ju bó ṣe wà lọ.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Kí wọ́n kọ́kọ́ tọ̀, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gbọọgba àyà, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ rárá. Ti má sọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń le jù o, ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń fún wọn lápá gan-an ni wọ́n máa ń rántí ìtàn. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Nílé, tó bá ti ń jẹ́ 135/85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà, ó ga nìyẹn, iye tí dókítà fẹ́ kó jẹ́ fún Màmá gan-an, kẹ́ ẹ bi dókítà. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra ẹ̀rọ tó ń lo Bluetooth. Kí wọ́n ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ yẹn, ọjọ́ àti àsìkò ti wà lára fọ́tò, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ rí dókítà ẹ kàn máa ṣí fóònù ni.

Tó bá wá jẹ́ 180/120 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí àyà sì ń dùn wọ́n, tàbí apá kan ara ò ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu wọn, tàbí wọn ò rí òde dáadáa, ẹ má kọ mẹ́sééjì sí gúrúùpù o, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ọlọ́jọ́_Méjì:
Mo gbọ́ pé alẹ́ ló dáa jù láti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣóòótọ́ ni?

Apoògùn:
Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n wá ṣe ìwádìí ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, TIME ni orúkọ ẹ̀, èèyàn tó lé ní 21,000, èsì jáde lọ́dún 2022, wọn ò rí ìyàtọ̀ láàárín àárọ̀ àti alẹ́ ní ti àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Èyí tó bá rọrùn fún wọn láti rántí ni kẹ́ ẹ bá dókítà sọ. Kẹ́ ẹ tún bi dókítà bóyá ó lè sọ oògùn méjì yẹn di hóró kan, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. WHO ti fi irú oògùn alápapọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé oògùn tó ṣe kókó láti 2019. Hóró tó dín kù máa ń ṣiṣẹ́ ju álàámù tó pọ̀ lọ, èrò tèmi nìyẹn.

Ọmọ_Bàbá_Onífóònù_Kékeré:
Bàbá tiwa ò ní fóònù ìgbàlódé o, bọ́tìnnì ni. Ṣé a ti jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí ni?

Atúnfóònùṣe:
Ẹ̀yin gan-an lẹ rọrùn jù. Álàámù wà lórí ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dún kódà tí fóònù bá wà ní pípa, bátìrì ẹ̀ sì ń pẹ́. Mẹ́sééjì lásán náà tó, ti Cape Town tí Apoògùn sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, mẹ́sééjì lásán ni. Tí wọn ò bá lè kàwé, ẹ pè wọ́n, ìpè ò nílò dátà lọ́dọ̀ wọn.

Fẹ́mi_Kọ̀ǹpútà:
Ẹni tó bá sì fẹ́ lo áàpù, ẹ wo ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín. Ìwádìí kan jáde nínú BMJ, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn, lọ́dún 2019, wọ́n yẹ áàpù oògùn 24 wò, 19 nínú wọn ló ń pín ìsọfúnni àwọn tó ń lò ó fún àwọn míì. Tó bá ń béèrè àwọn orúkọ inú fóònù yín tàbí ibi tẹ́ ẹ wà, kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹ yọ ọ́.

Àbíkẹ́yìn_Màmá:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti bá Màmá sọ̀rọ̀. Mi ò bi wọ́n bóyá wọ́n lò ó o, mo ṣe bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Wọ́n dákẹ́ ná. Wọ́n wá ní, "ọjọ́ tí orí ò bá fọ́ mi, kí ni mo fẹ́ máa gbé oògùn mì fún?" Ó tán. Gbogbo ọjọ́ yìí, kì í ṣe pé wọ́n ń gbàgbé, orí fífọ́ ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn! Mo wé báńdì mọ́ wọn lápá nígbà yẹn gan-an, wọ́n ní ara àwọn le kokooko, ó gbé 168/94 jáde. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní kí n tún un wọ̀n. Ó tún ga. Wọ́n ní "orí mi ò sì fọ́ mi báyìí o".

A ti rí dókítà, mo sọ òótọ́ fún un pé wọn ò lò ó déédéé, ó sì sọ ọ́ di hóró kan láràárọ̀, ó ní ká padà wá kó lè wò ó bóyá kò ní já wálẹ̀ jù. Màmá fúnra wọn ló yan wákàtí, ohùn ọmọ mi la fi ṣe álàámù, wọ́n á máa ju fọ́tò ojú ẹ̀rọ sí gúrúùpù. Èyí tó kù tí mi ò mọ̀ ni ti oògùn tó bá tán, torí ìgbà tó bá tán gan-an ni wọ́n máa ń sọ fún mi.

Bàbá_Kan_Rèé:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ mi. Ẹ bá mi kí Màmá o.

Apoògùn:
Èyí wà lórí fóònù tiyín, kì í ṣe ti Màmá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ra oògùn, ẹ ka hóró tó wà níbẹ̀, ẹ ṣírò ọjọ́ tó máa tán, kẹ́ ẹ sẹ́ẹ̀tì ìránnilétí sí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà. Ẹ ya fọ́tò páálí oògùn náà sínú fóònù yín, kí orúkọ àti miligíráàmù ẹ̀ hàn, kí wọ́n má bàa fún yín ní èyí tó yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rà á tí hóró ti tẹ́lẹ̀ ṣì kù púpọ̀, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kò sí pé ẹ̀ ń bi ẹnì kankan.

Àbíkẹ́yìn_Màmá:
Ó ti wọ kàlẹ́ńdà. Ẹ ṣé o.